Tírígà revolver mi le, àmì iwájú rẹ̀ ò sì hàn: ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ_Òkè_Àdó, Houston

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra revolver, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ tí ibi tó ń kó ọta sí máa ń yí, Smith & Wesson 686, ọ̀pá íǹṣì 4, .357 Magnum. Ẹnìkan ti lò ó díẹ̀ kó tó bọ́ sí mi lọ́wọ́, àmọ́ kò ní àbùkù. Mo kọ fọ́ọ̀mù 4473 nísọ̀ tí mo ti rà á, wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n gbé e fún mi.

Nǹkan méjì ló ń yọ mí lẹ́nu. Èkíní, tírígà rẹ̀ le. Bí mo bá fi àtàǹpàkò fa hámà sẹ́yìn kí n tó yìn ín, ó fúyẹ́, kò sí ìjà rárá. Àmọ́ bí mo bá ní kí n fa tírígà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí hámà fúnra rẹ̀ gbéra kó sì já lulẹ̀, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, gbogbo ọta á sì kóra jọ sísàlẹ̀ lápá òsì. Èkejì, àmì iwájú, èyí tí à ń fi wo ibi tí à ń yìn sí, dúdú, pátákó tí à ń yìn sí náà dúdú. Mi ò rí nǹkan kan.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gé òrùka méjì kúrò lára sípíríǹgì, kí n sì tú síkúrù tó wà níwájú èèkù díẹ̀, pé tírígà á rọ̀ wọ̀ọ̀. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá_Àgbẹ̀dẹ, Dallas

Àbúrò, o kú oríire. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé kó gbé pílásì rẹ̀ pa mọ́. Iṣẹ́ ìbọn títún ṣe ni mò ń ṣe jẹun níbí, irú ìmọ̀ràn yìí ló sì ń gbé revolver wá sọ́dọ̀ mi tí olówó rẹ̀ á ní "kò yìn mọ́".

Sípíríǹgì méjì ló ń bá ìka rẹ jà. Ọ̀kan jẹ́ irin pẹlẹbẹ gígùn tó dúró nínú èèkù. Òun ló ń ta hámà síwájú. Ìkejì kéré, olórùka ni, ó wà nínú irin kan tó ń sún síwá sẹ́yìn lẹ́yìn tírígà. Òun ló ń dá tírígà padà sípò lẹ́yìn tí o bá ti yìn ín. Síkúrù iwájú èèkù tí ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ ló ń ti sípíríǹgì ńlá kó lè lágbára. Ó gbọ́dọ̀ fún dé ìdí. Bí o bá tú u, tírígà á rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ìbọn bá ṣe ń ta ni síkúrù náà á máa tú ara rẹ̀ lọ, títí agbára hámà ò fi ní tó láti tan ọta mọ́. Wàá fa tírígà, wàá gbọ́ "kọ́", nǹkan kan ò ní jáde. Ronú ọjọ́ tó yẹ kó yìn tí kò yìn.

Láti ilé iṣẹ́, fífà gígùn irú revolver yìí máa ń tó nǹkan bíi pọ́n-ùn 12. Bí hámà bá ti wà lẹ́yìn, kì í sábà ju 3 tàbí 4 lọ. Ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ìbọn méjì lo rà. Bí o bá fẹ́ kí fífà gígùn rọ̀, sípíríǹgì kékeré ni kí o pààrọ̀. Wolff, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sípíríǹgì, ń ta á lóríṣiríṣi agbára. Mú pọ́n-ùn 14 tàbí 15, má bọ́ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Tó bá rọ̀ jù, tírígà á máa lọ́ra láti padà, ẹni tí ìka rẹ̀ yá á tún ti máa fà á kó tó padà dé ipò, sílíńdà, irin oníhò tó gbé ọta, ò sì ní yí. Fi sípíríǹgì ńlá ti ilé iṣẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Bí o bá máa ṣí i fúnra rẹ: tú ọta kúrò, wo ihò sílíńdà lọ́kọ̀ọ̀kan, fi ìka kàn wọ́n, kí o sì gbé gbogbo ọta lọ sí yàrá mìíràn. Lo síkúrùdíráfà tí ẹnu rẹ̀ bá ojú síkúrù mu rẹ́gí, èyí tí wọ́n ṣe fún ìbọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wàá ba orí síkúrù jẹ́. Má fi ohunkóhun gbé pátákó ẹ̀gbẹ́, irin pẹlẹbẹ tó bo ẹ̀rọ inú ìbọn, sókè o. Bí o bá ti tú síkúrù tán, fi igi èèkù síkúrùdíráfà lu férémù jẹ́jẹ́ níbi èèkù, pátákó náà á gbéra fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi irin gbé e sókè, ojú ibẹ̀ ò ní dọ́gba mọ́ títí láé. Wọ gíláàsì, torí sípíríǹgì kékeré yẹn mọ fífò.

Ìyá_Ìbejì, Maryland

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Àmọ́ kí àbúrò wa tó náwó sórí sípíríǹgì, ìka rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kọ́. Ọta tó ń lọ sísàlẹ̀ lápá òsì fún ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, ẹjọ́ tírígà kọ́ níye ìgbà. Gbogbo ìka ló ń fún èèkù pọ̀ nígbà tí ìka kan ṣoṣo ló yẹ kó ṣiṣẹ́.

Fífa tírígà lófìfo ni oògùn rẹ̀. Revolver òde òní tó ń lo ọta .38 tàbí .357 ò kọ ọ́, Smith & Wesson fúnra wọn sọ bẹ́ẹ̀. .22 ni kí ẹ má ṣe é sí, torí ìdí ọta .22 létí ni pín-ìn rẹ̀ ń gbá, bí kò bá sí ọta níbẹ̀ á máa gbá etí ihò sílíńdà. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ ra snap cap, ọta ìdánrawò tí kò ní ẹ̀tù, kò wọ́n.

Dojú ìbọn kọ ògiri tí ọta ò lè là kọjá, kì í ṣe ògiri pákó tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Gbé owó ẹyọ kan sórí ọ̀pá, lẹ́yìn àmì iwájú. Fà á láìdúró, láìyára, títí hámà á fi já. Bí owó bá ṣubú, ọwọ́ rẹ ló mì. Ẹni tó bá fẹ́ fa fífà gígùn yìí, oríkèé àkọ́kọ́ ìka ìfábẹ̀lá ni kó fi kan tírígà, kì í ṣe orí ìka bíi ti ìbọn mìíràn. Agbára pọ̀ sí i níbẹ̀. Alẹ́ ni mo máa ń ṣe tèmi lẹ́yìn tí mo bá dé láti wọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ni irin á máa ha ara wọn dán fúnra wọn, tírígà náà á sì rọ̀ díẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n ò tilẹ̀ fọwọ́ kan hámà rárá. Ed McGivern, ní ọdún 1932, yìn ọta 5 láàárín 0.45 ìṣẹ́jú-àáyá. Jerry Miculek, ní ọdún 1999, yìn ọta 6, ó kó òmíràn sí i, ó tún yìn ọta 6, gbogbo rẹ̀ ní 2.99 ìṣẹ́jú-àáyá. Fífà gígùn yìí náà ni, tí à ń sọ pé ó le.

Sunny_ATL

Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin Bàbá, mo rí fídíò kan níbi tí wọ́n ti ní kéèyàn yọ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ hámà dànù, pé tírígà á túbọ̀ dán. Wọ́n tún fi òkúta ìpọ́nrin pọ́n ojú ibi tí hámà àti tírígà ti ń pàdé. Ṣé ó dáa?

Bàbá_Àgbẹ̀dẹ, Dallas

Sunny, pa fídíò yẹn rẹ́. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí hámà kan ọta bí ìbọn bá já bọ́ lọ́wọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, revolver Smith & Wesson kan já bọ́ sórí irin ọkọ̀ ojú omi, ó yìn, ó pa ọmọ ogun ojú omi kan. Ìgbà yẹn ni wọ́n tún irin náà ṣe dé bí ó ṣe wà dòní. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn ló wà lórí ẹ̀kọ́ yẹn, ìwọ wá fẹ́ yọ ọ́ nítorí kí tírígà lè dán?

Ti òkúta: lára hámà àti tírígà ti àtijọ́, ojú irin nìkan ló le. Bí o bá ha á kọjá ojú yẹn, irin rírọ̀ ló kù lábẹ́, á yára jẹ. Èyí tó burú jù ni ibi tí tírígà ti ń di hámà mú nígbà tó bá wà lẹ́yìn. Bí igun ibẹ̀ bá yí padà díẹ̀ péré, èèyàn lè fi àtàǹpàkò ti hámà kó já. Èmi tí mo ń ṣe é fún owó, ẹ̀gbẹ́ irin tó ń ha ara wọn ni mo máa ń dán, mi ò kan igun yẹn àfi tí mo bá ní irinṣẹ́ tó ń dì í mú ní ìwọ̀n. O lè dán ìsàlẹ̀ irin tó ń sún lẹ́yìn tírígà díẹ̀, kí o sì fi òróró bíńtín sí i. Ó tó.

Bí ìbọn náà bá jẹ́ ti ìdáàbòbò ilé, má máa fa hámà sẹ́yìn de olè. Tírígà tó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, ìbẹ̀rù nìkan tó láti yìn ín. Ọlọ́pàá Los Angeles àti ti New York mọ èyí nígbà tí wọ́n ń lo revolver, wọ́n ṣe tiwọn débi pé hámà ò lè dúró lẹ́yìn mọ́.

Adéògún_Chicago

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ruger, torí gbogbo yín ni ẹ ń sọ S&W. GP100 ni tèmi. Kò ní pátákó ẹ̀gbẹ́ rárá, ìsàlẹ̀ ni ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń jáde. Bí ẹ bá ṣí èèkù rẹ̀, pín-ìn kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ṣe fún títú u. Ẹ fa hámà sẹ́yìn, ẹ ki pín-ìn náà bọ ihò ọ̀pá tó gba inú sípíríǹgì kọjá, ẹ dá hámà padà jẹ́jẹ́, gbogbo sípíríǹgì náà á jáde lẹ́ẹ̀kan láìfò. Ẹni tí kò tíì tú ìbọn rí lè ṣe é.

Sípíríǹgì hámà pọ́n-ùn 12 ni mo fi sí i. Wọ́n ń ta ti 10 náà, pápá ìdíje ló sì bá mu. Bí hámà bá ti ń gbá fẹ́ẹ́rẹ́, irú primer, ohun tó ń tan ọta, tó wà nídìí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìtumọ̀. Ti ilé iṣẹ́ Federal ló rọ̀ jù, ó máa ń tan kíákíá. Ti CCI le jù ú lọ. Ẹni tó ń díje tó ń di ọta fúnra rẹ̀ lè yan Federal. Ẹni tó ń ra ọta nísọ̀ ò lè yàn, ohun tó bá bá nísọ̀ ni. Nítorí náà kí ẹ tó gbà pé sípíríǹgì tuntun dáa, ẹ fi irú ọta tí ẹ máa lò gan-an yìn ín dáadáa, ẹ wo ihò tí pín-ìn gbá sídìí ọta. Bó bá jin tó sì wà láàárín, ó dáa. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá kọ̀, ẹ dá ti ilé iṣẹ́ padà.

Àmì iwájú rẹ̀ náà ò ní wàhálà: lára èyí tí àmì ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé sún, ẹ tẹ ọ̀pá kékeré kan níwájú, àmì náà á yọ, ẹ ó ki òmíràn bọ̀ ọ́.

Ìyá_Ìbejì, Maryland

Ti S&W ọmọ Òkè Àdó ò rọrùn bẹ́ẹ̀ o. Bí tirẹ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi pín-ìn kàn mọ́lẹ̀, wọ́n á ti pín-ìn náà jáde, ihò àmì tuntun sì lè má bá ti ọ̀pá ṣe déédéé, a á ní láti lu ihò mìíràn. Gbé e fún oníṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o fẹ́ náwó? Lọ bá ìyàwó rẹ, tọrọ kútẹ́ẹ̀sì. Fi ọtí ìpa kòkòrò nu àmì iwájú kí òróró ibẹ̀ lọ, kun funfun sí i lákọ̀ọ́kọ́, jẹ́ kó gbẹ, kí o wá kun àwọ̀ ọsàn tàbí àwọ̀ ewé tó ń tàn yòò lé e. Bí kò bá wù ọ́, ásítóònì á pa á rẹ́. Mo mọ ọkùnrin tó ń fi ti ìyàwó rẹ̀ díje tó ń gba ipò kìíní.

Sunny_ATL

😂😂 Màmá! Àmì fiber optic, ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, ńkọ́?

Ìyá_Ìbejì, Maryland

Nínú oòrùn, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀. Nínú yàrá dúdú, kò yàtọ̀ sí dúdú. Èyí tó ń dá tàn lálẹ́ ni tritium, àmọ́ láàárín ọdún 12 ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á ti dín sí ìdajì. Bí o bá ń ra ìbọn àlòkù tí wọ́n ní ó ní tritium, bèèrè ọdún tí wọ́n fi sí i.

Tíṣà_Físíìsì, New Jersey

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò díẹ̀ kún un. 686 ní àmì ẹ̀yìn tó ṣeé fi síkúrù sún, ọ̀kan fún òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀tún àti òsì. Ibi tí o bá fẹ́ kí ọta lọ ni kí o sún àmì ẹ̀yìn sí. Ti iwájú, òdìkejì ni: bí o bá dín in kù, ọta á gòkè, bí o bá fi gíga sí i, ọta á sọ̀kalẹ̀.

Àwọn revolver kékeré tí àmì wọn ò ṣeé sún, fáìlì ni wọ́n fi ń tún un ṣe, ibẹ̀ sì ni èèyàn ti ń bà á jẹ́. Láti mọ iye tí o máa fá kúrò lára àmì iwájú, mú iye íǹṣì tí ọta fi ṣìnà, sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú àlàfo tó wà láàárín àmì méjèèjì, kí o wá pín in pẹ̀lú bí pátákó ṣe jìnnà tó, gbogbo rẹ̀ ní íǹṣì. Bí ọta bá ń bọ́ sísàlẹ̀ ní íǹṣì 3, ní yáàdì 15, ìyẹn íǹṣì 540, tí àlàfo àmì méjèèjì jẹ́ íǹṣì 6, ó di 3 lọ́nà 6, 18. Pín 18 pẹ̀lú 540, ó jẹ́ 0.033. Kò tó mìlímítà kan! Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ fáìlì í díẹ̀ díẹ̀, kí ẹ lọ yìn ín, kí ẹ padà wá. Èyí tí ẹ bá ti fá kúrò ti lọ nìyẹn.

Kí ẹ tó gbé fáìlì pàápàá, ẹ pààrọ̀ ọta wò. Ní jíjìn tí à ń yìn ìbọn ìléwọ́, ọta gíréènì 158 sábà máa ń gba òkè ju gíréènì 125 lọ. Èyí tó wúwo máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i nínú ọ̀pá, bẹ́ẹ̀ ẹnu ìbọn ti ń gbéra kí ọta tó jáde. Ẹni tó bá fáìlì àmì rẹ̀ nítorí ọta tó fúyẹ́, tó wá padà sí èyí tó wúwo, òkè pátákó ni á máa wá ihò rẹ̀.

Òmíràn: ẹ má sún nǹkan kan títí ìbọn á fi jókòó lórí àpò iyanrìn, tí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n yìn á sì ti bá yín yìn ín. Bí tirẹ̀ bá wọ àárín, ẹ mọ ibi tí ẹ̀bi wà.

Àgbà_Ọdẹ, Providence

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú làákàyè. Ṣakabùlà ni bàbá mi fi ń ṣọdẹ, kò sí ẹni tó bá a sọ ọ̀rọ̀ 0.033, ẹran sì ń kú. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dára, tèmi ti ń rẹ̀.

Ẹni tó bá ti lé ní ọdún 45, ẹ gbọ́. Gíláàsì tó ní ìpele púpọ̀ nínú ló ń jẹ́ kí èèyàn máa gbé àgbọ̀n sókè bí ó bá ń wo àmì. Ẹ gbé ìwọ̀n láti ojú yín dé ibi tí àmì iwájú máa ń wà nígbà tí ẹ bá na ọwọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gbé e lọ bá dókítà ojú. Á ṣe gíláàsì kan ṣoṣo fún ìwọ̀n yẹn. Pátákó á ṣú díẹ̀, kò burú. Àmì iwájú ni ojú gbọ́dọ̀ rí kedere. Ó sàn fún mi ju gbogbo àmì tí mo ti rà lọ. Ẹ má gbàgbé ìdábòbò etí náà, torí .357 láti ọ̀pá kúkúrú ò ní ojú àánú.

Dáre_Lubbock

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, ni mo fi wọlé. Ṣé èmi náà lè ra ọ̀kan? Àti pé ẹni tó bá fẹ́ lọ sílé ní December, ṣé ó lè gbé tirẹ̀ dání?

Adéògún_Chicago

Dáre, rárá, rárá. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ò gba ẹni tó fi físà ìgbà díẹ̀ wọlé láyè láti ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àyàfi àwọn àyọsílẹ̀ díẹ̀, bíi ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ ti ìpínlẹ̀. Lọ bá agbẹjọ́rò, má fi ọ̀rọ̀ orí ayélujára ṣe é. Ẹni tó ní green card lè rà á, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀: níbí ní Illinois, mo gbọ́dọ̀ ní káàdì FOID, ìwé àṣẹ oníbọn ti ìpínlẹ̀.

Ti ilé, má tilẹ̀ rò ó. Firearms Act ti ọdún 1959 ka revolver mọ́ ìbọn tí a fòfin dè ní Nàìjíríà. Ìbọn ọdẹ ni ará ìlú lè gbàwé fún.

Àdùkẹ́_Peckham

Níbí ní Britain náà kò sí ohun tó jọ ọ́. Lẹ́yìn tí ẹnìkan yìnbọn pa àwọn ọmọ ilé ìwé ní Dunblane, Scotland, ní 1996, òfin 1997 kó ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ ará ìlú, àfi Northern Ireland. Ọ̀kan lára èyí tó ṣẹ́ kù fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ìyìnbọn ni revolver tí ọ̀pá rẹ̀ gùn: ọ̀pá tó tó sẹ̀ǹtímítà 30, gbogbo ara rẹ̀ tó 60. Wọ́n máa ń so irin gígùn mọ́ ìdí èèkù kó lè tó ìwọ̀n. Ẹ wá wò ó, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tírígà rẹ̀, bí ti yín náà ni wọ́n ṣe ń tún un ṣe.

Ọmọ_Òkè_Àdó, Houston

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Kútẹ́ẹ̀sì ọsàn ti wà lórí rẹ̀, ìyàwó mi ò tíì mọ̀. Fífà lófìfo ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, sípíríǹgì 14 á tẹ̀ lé e. Bàbá, ìbéèrè kan ló kù: síkúrù mẹ́ta pátákó ẹ̀gbẹ́, ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?

Bàbá_Àgbẹ̀dẹ, Dallas

Rárá o. Èyí tó wà lábẹ́ èèkù ni orí rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ. Èyí tó wà níwájú ló di apá tó gbé sílíńdà mú. Bí o bá fi òmíràn síbẹ̀, sílíńdà lè há nígbà tí o bá ń ṣí i tàbí kó máa mì. Gbé ike ẹyin kalẹ̀, fi ìkọ̀ọ̀kan sí ihò tirẹ̀, ya fọ́tò kí o tó tú u. Bí o bá dá wọn padà, fi ọwọ́ lọ́ wọn, má lo agbára.